Ẹsẹ̀ Tí Ohùn Fi Dúró

Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ilé náà tí wọn kò lè gbé pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ maṣíìnì ìránṣọ oníná, irú èyí tí wọ́n ń lò ní iléeṣẹ́, tí tábìlì rẹ̀, orí rẹ̀ àti mọ́tò rẹ̀ wúwo débi pé géńdé méjì ní láti gbé e kí wọ́n sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì jẹ́ gíramafóònù kékeré kan, tó fúyẹ́ débi pé arúgbó lè gbé e há abíyá kó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ ló ni ti àkọ́kọ́, bàbá ló ni ìkejì. Ilẹ̀ onípákó kan náà ni wọ́n jọ dúró lé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ògiri pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà láàárín wọn. Bí maṣíìnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán, ilẹ̀ a gbọ̀n. Bí ilẹ̀ bá gbọ̀n, abẹ́rẹ́ gíramafóònù a fò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé tó tẹ ẹ̀gún.

Bàbá Atẹ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pe bàbá náà, nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀ ṣe, títí tí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ènìyàn tí kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò ni. Òwú tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, a ṣà á nílẹ̀, a ká a mọ́ ìka, a sì kó o sínú agolo. Iná tó bá ń tàn nínú yàrá tí kò séèyàn, a pa á, a sì béèrè ẹni tí iná náà ń bá sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, wá kó o kúrò nínú ilé tó ń dá gbé. Ó bá a lórí ibùsùn ní ọ̀sán gangan, tíì àná ṣì wà nínú ife, gbogbo fèrèsé sì wà ní títì. Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní kó dìde, ilé òun ló ń lọ. Yàtọ̀ sí báàgì náà, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, gíramafóònù, àti àwo orin kan ṣoṣo ni arúgbó náà mú dání.

Àwo náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà káàkiri. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì jẹ́ olùkọ́ tí kò tíì lọ́kọ, òun àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹgbẹ́ akọrin jọ, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ojú kejì àwo náà, ibì kan wà tí gbogbo wọn dákẹ́, tí obìnrin kan dá gbé orin náà fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mu omi ife kan tán. Obìnrin náà ni. Lọ́sọ̀ọ̀sán, Bàbá Atẹ̀wé a gbé àwo náà lé ẹ̀rọ, a jókòó, a sì gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó wà ní ilé ẹjọ́. Bí ohùn náà bá ti kọjá, a gbé abẹ́rẹ́ kúrò, a pa ẹ̀rọ, a sì dìde lọ wá iṣẹ́ kan ṣe.

Ibi tí ohùn kan ṣoṣo bá wà ni àléébù ti ń hàn. Ibẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ fẹ́ràn láti fò.

Nítorí náà ọmọ rẹ̀ a máa dá maṣíìnì dúró. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bó bá ṣáà ti gbọ́ tí àwo bẹ̀rẹ̀, a rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ó rò pé bàbá òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ, ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ ló ń jí i, kì í ṣe ariwo rẹ̀. Bàbá Atẹ̀wé mọ̀ pé aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló kún orí tábìlì ọmọ òun, pé wọ́n ń retí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àti pé ẹni tó bá ń dá iṣẹ́ dúró lójoojúmọ́ yóò pàdánù ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Ó gbìyànjú láti má gbé àwo lé e mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ náà gba orin náà sínú fóònù fún un. Arúgbó fetí sí i díẹ̀, ó dá fóònù pa dà, ó ní ohùn náà dà bí ohùn ẹni tí wọ́n tì mọ́nú agolo.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ó sì yé e kedere. Bí òun kò bá rí ohun tí yóò gba ìwárìrì ilẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ gíramafóònù, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ilé náà sílẹ̀. Èyí tó ń bọ́ ilé kọ́ ni yóò lọ. Òun àti àwo òun ni yóò pa dà sí ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí atẹ̀wé èyíkéyìí yóò ṣe. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó bá ń mì, dídè ni wọ́n ń dè é. Lẹ́tà òjé tí wọ́n bá tò fún ìwé títẹ̀, inú férémù irin ni wọ́n ń há a mọ́ títí tí yóò fi le gbagidi; bí lẹ́tà kan bá mira, gbogbo iṣẹ́ di àtúnṣe. Ẹ̀rọ ńlá fúnra rẹ̀, inú kóńkéré ni wọ́n ń ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá Atẹ̀wé mú sípánà, ó kó súkúrù jáde, ó de ẹsẹ̀ tábìlì kékeré rẹ̀ mọ́ pákó ilẹ̀. Ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣe ẹsẹ̀ fún gíramafóònù, ó sì fún gbogbo rẹ̀ pinpin. Ó ti tábìlì náà, kò mì. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó máa rán aṣọ rẹ̀ lọ, kó má ṣe dá a dúró fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ rẹ̀ tẹ maṣíìnì. Lọ́tẹ̀ yìí abẹ́rẹ́ kò fò. Ṣe ló yọ̀, tó wọ́ gba ojú orin àkọ́kọ́ kọjá, tó sì fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ bí ipa ọ̀nà ìgbín. Arúgbó sáré gbé e. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ilà náà kò dé ibi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ wà.

Ó tú gbogbo súkúrù náà, ó kó wọn pa dà sínú agolo wọn, ó wọ bàtà, ó sì lọ bá ẹni tí í ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé kan, nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí pa dà. Sípíkà àlòkù tò débi òrùlé, wáyà rọ̀ sára ìṣó bí irun tí wọn kò tíì dì, òórùn òjé yíyọ́ sì kún inú rẹ̀. Òórùn yẹn nìkan ló mú kí arúgbó náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ehoro, nítorí bó bá ń dán ẹ̀rọ orin wò, a máa na ọrùn, a sì máa yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹran tó gbọ́ ìró ọdẹ. Bàbá Atẹ̀wé ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Kò sọ ti ìyàwó. Ó ní àwo kan ń fò.

Elétí-Ehoro ṣí àpótí kan, ó sì to ọjà sílẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà níbẹ̀. Arúgbó gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíá. Rọ́bà dúdú líle wà, tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé. Rọ́bà mìíràn wà tó rọ̀ bí ẹyin bíbọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Sípíríìngì wà, tí wọ́n fi ike bò lára. Ọlọ́jà náà sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ó sì ní ohun tó dára jù ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ara ògiri, kó má tilẹ̀ kan ilẹ̀ rárá. Bàbá Atẹ̀wé ní ògiri òun náà, pákó ni. Ni ọlọ́jà bá béèrè bí gíramafóònù ọ̀hún ṣe wúwo tó.

Ìbéèrè yìí bí arúgbó náà nínú díẹ̀. Ẹsẹ̀ lòun wá rà, òun kò wá ta ẹran. Ó na ọwọ́ sí rọ́bà dúdú tó tóbi jù lọ.

"Bàbá, abẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń fi ìyẹn sí," Elétí-Ehoro wí. "Àbí erin lẹ fẹ́ gbé lé e?"

"Ẹsẹ̀ tó lè gbé erin, ṣé kò ní lè gbé eku?"

"Á gbé e, Bàbá. Kò kàn ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan ni."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọlọ́jà tẹ́nu ẹ̀ dùn báyìí, oyin ló yẹ kó máa tà. Ó ti pinnu ní tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí kò lágbára tó ló ti ń já a kulẹ̀. Kò tíì rí èyí tó lágbára jù. Ọlọ́jà náà kìlọ̀ fún un pé gọ́ọ̀mù wà lábẹ́ rọ́bà náà, pé bí wọ́n bá ti bó awọ tó bo gọ́ọ̀mù ọ̀hún, òun kì í gbà á pa dà. Bàbá Atẹ̀wé ní òun kì í dá nǹkan pa dà, ó sanwó, ó sì lọ.

Àwọn atẹ̀wé ìgbà tirẹ̀ ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò. Wọn a bu omi sínú ife dígí, wọn a gbé e lé ẹ̀rọ, wọn a sì tẹjú mọ́ omi. Omi kì í ṣojúsàájú. Arúgbó lẹ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìdí gíramafóònù, ó gbé ife omi sórí rẹ̀, kò tilẹ̀ mú àwo jáde, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ máa rán aṣọ. Ojú omi náà ń hó wìrìwìrì bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí odò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà kan wò. Kò tẹ̀. Gíramafóònù ṣe bí ẹyẹ tó bà sórí àpáta. Àpáta kò gbọ́, kò mọ̀, gbogbo ohun tí ilẹ̀ bá sọ ni rọ́bà náà ń gbé lọ fún abẹ́rẹ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni Bàbá Atẹ̀wé fi máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n bá gé ìwé láìwọ̀n ọ́n. Òun náà kò wo ilé. Ó ti ra ohun tí kò wúlò, kò sì ṣeé dá pa dà.

Kì í ṣe ìbínú ló fi fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó rò ó bí ẹni ń ro iṣẹ́ ni: ohun tí kò bá ṣeé tún ṣe, kí a má fi ọjọ́ ṣòfò lé e lórí. Ó ká ṣòkòtò, ó ká ẹ̀wù. Ó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé àwo náà lọ́wọ́ nígbà tí maṣíìnì dákẹ́ ní yàrá kejì, tó sì gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Aránṣọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọ lọ́rùn. Ó wo báàgì, ó wo bàbá rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe yín, Bàbá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ò ń dá iṣẹ́ dúró torí mi, o rò pé mi ò mọ̀. Èmi ò lè máa gbé inú ilé tí ẹ̀rọ ti ń dúró torí mi."

"Torí yín?" Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Màmá mi ni mo máa ń dúró gbọ́. Tí ẹ bá gbé wọn lọ, níbo ni mo ti fẹ́ gbọ́ wọn?"

Látìgbà tí Bàbá Atẹ̀wé ti dé ilé náà ló ti ń ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí gbèsè tí òun ń jẹ. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹlòmíràn ń jókòó ní òdìkejì ògiri, tó ń dúró de ibì kan náà nínú orin kan náà. Ó rọra gbé àwo náà sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Ọmọ rẹ̀ fi etí téèpù nu ojú. Ó bojú wo ìdí gíramafóònù, ó rí àwọn rọ́bà gìdìgbà tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín sì gbà á. Ó ní gbogbo bí bàbá òun ṣe ń sáré kiri yìí, ẹni tí wọ́n ń gbá létí ló ń wá fìlà fún, kò sẹ́ni tó di ẹni tó ń gbáni létí lọ́wọ́ mú.

"Maṣíìnì tèmi ló ń gbọ̀n ilé, Bàbá. Kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ tiyín nìkan lẹ̀ ń wò?"

Arúgbó náà bojú wo àwọn rọ́bà náà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà pa dà sí i létí: kò ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Maṣíìnì ìránṣọ kọ́ ni rọ́bà yóò gbé tí kò ní mọ̀. Ó tún rántí ohun kan tó ti ń ṣe lójoojúmọ́ láìrò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti há lẹ́tà òjé mọ́ férémù tán, wọn kì í jẹ́ kí irin kan irin. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti aṣọ rírọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín, kó lè gba ipá ẹ̀rọ mọ́ra. Láìsí ìtẹ́lẹ̀ yẹn, ìwé á ya. Híhá ló ti rántí láti ọjọ́ yìí. Ó gbàgbé títẹ́.

"Gbé agolo òwú mi wá," ó wí.

Àwọn òwú tó ti ń ṣà nílẹ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn títí wọ́n fi yi bí okùn. Bàbá di orí kan mú, ọmọ di ìkejì, wọ́n tì í bọ àárín rọ́bà àti gíramafóònù, wọ́n sì ń fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fi ayùn gé igi. Gọ́ọ̀mù náà jọ̀wọ́. Ọmọ rẹ̀ ní láti òní lọ, òun kò ní fi òwú ṣíṣà ṣe bàbá òun yẹ̀yẹ́ mọ́. Bàbá ní kó má ṣèlérí ohun tí kò lè ṣe.

Wọn kò ní géńdé, nítorí náà wọn kò gbìyànjú láti gbé maṣíìnì. Bàbá Atẹ̀wé ki igi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀, ó fi ara tẹ orí igi mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ náà gbéra díẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti rọ́bà bọ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tó fi kárí. Nígbà tí ìwúwo maṣíìnì bà lé wọn tán, àwọn rọ́bà náà rọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń jẹun. Wọ́n ti wá mọ̀ pé àwọn gbé nǹkan. Arúgbó gbé ife omi pa dà sórí gíramafóònù, ọmọ rẹ̀ tẹ maṣíìnì. Òjò ti dá lójú omi. Ó ṣì ń mì díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná, ṣùgbọ́n kò hó mọ́.

Bó ti mọ́ lọ́jọ́ kejì, Bàbá Atẹ̀wé gbé gíramafóònù lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ó wo ohun tó wọ̀n, ó sì pa dà sí ṣọ́ọ̀bù. Elétí-Ehoro rí i láti òkèèrè.

"Bàbá, erin ńkọ́?"

"Erin ti rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Eku ló kù."

Ọlọ́jà náà pa àtẹ́wọ́, ẹ̀rín sì pa á. Arúgbó sọ ìwọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó tún béèrè, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ilẹ̀ ṣe rí àti ibi tí maṣíìnì dúró sí. Elétí-Ehoro na ọwọ́ sí rọ́bà rírọ̀ tó dà bí ẹyin bíbọ̀. Ó fẹ́ dì í, ó tún dá ọwọ́ dúró, ó béèrè ohun tó wà nínú àwo náà tó fi tó gbogbo wàhálà yìí.

"Ìyàwó mi ni," Bàbá Atẹ̀wé wí.

Ọlọ́jà kò dápàárá mọ́. Ó kó àwọn èyí tó ti mú pa dà sínú àpótí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò, títí tó fi rí mẹ́rin tí ìrọ̀ wọn dọ́gba.

Nílé, iṣẹ́ kan ṣì kù. Mọ́tò gíramafóònù wà ní igun kan, igun náà sì rì ju àwọn yòókù lọ. Àwo ì bá máa yí ní fífì. Èyí kò ba arúgbó lẹ́rù. Ó ya ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ igun náà ní ewé kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń wo omi inú ife títí tí ojú omi fi bá etí ife dọ́gba yíká. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó gbé ife kúrò, ó nu ọwọ́, ó sì bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì kúrò lára àwo.

"Máa ránṣọ rẹ lọ," ó wí gba ara ògiri.

Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀. Àwo ń yí. Ilà tó wà lójú orin àkọ́kọ́ dún ṣáṣá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjá. Ìyẹn jẹ́ ti arúgbó fúnra rẹ̀, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ kò fò. Orin kejì wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni orin tó ń dúró dè. Àwọn olùkọ́ kọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́, wọ́n dákẹ́, obìnrin náà sì gbé e. Ohùn rẹ̀ jáde gbọọrọ, bí òwú tí kò ní kókó, ìró maṣíìnì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ ní àdúgbò mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni maṣíìnì dákẹ́.

Bàbá Atẹ̀wé dìde. Ó fẹ́ lọ bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó tún ń dá iṣẹ́ dúró fún, nígbà tí abẹ́rẹ́ kò fò. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí aṣọ funfun, ó di ojú, ó sì fi orí tì sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Arúgbó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ dópin.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ akọrin pa dà wọlé, kò lọ gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ó jẹ́ kí orin náà parí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà. Ọmọ rẹ̀ lajú, ó rí i, ó sì tẹ maṣíìnì.

"Apá aṣọ yẹn wọ́," bàbá rẹ̀ wí.

"Mo ti rí i, Bàbá. Mo fẹ́ tú u ni."

"Tí o bá tú u, má ju òwú ẹ̀ nù."

Ó pa dà sínú yàrá rẹ̀, ó kó ṣòkòtò àti ẹ̀wù jáde nínú báàgì, ó fi wọ́n kọ́, ó sì ti báàgì òfìfo náà sábẹ́ ibùsùn, sẹ́yìn pátápátá, níbi tí ọwọ́ kò ti ní tètè tó o.